Má dìde dúró nínú ọkọ̀ yẹn mọ́

Adó-Èkìtì

Délé ọmọ mi,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń pè ọ́, fóònù rẹ ò lọ. Àná ni obìnrin kan tó ń kó ẹja wá láti Ìkùn rí ìyá rẹ lọ́jà, ló bá kí i kú ewu. Ewu kí ni? Ó ní ṣé a ò gbọ́ ni, pé ọkọ̀ Délé dojú dé lórí omi dáàmù. Láti àná, oúnjẹ ò kan ìyá rẹ lẹ́nu. Èmi náà bu òkèlè méjì, kò lọ.

Ìwọ ọmọ yìí! Bí fóònù rẹ bá bómi lọ, ṣé kò sí fóònù ẹlòmíràn ní gbogbo Ìkùn ni?

Bùnmi ti san owó WAEC. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú.

Sọ òótọ́ fún mi: ṣé o dìde dúró ju àwọ̀n ni? Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ò fẹ́ ìdúró. Tí o bá jókòó, ìwúwo rẹ wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ á fì lọ, á fì bọ̀, á tún padà dúró. Tí o bá dìde, ìwúwo ti gòkè nìyẹn, ìfì kékeré ti tó láti dà ọ́ nù. Kúnlẹ̀ jù ú. Bí àwọ̀n bá wúwo, má fà á gba ẹ̀gbẹ́, orí ọkọ̀ ni kó ti wọlé. Kí o sì máa gbọ́n omi ilẹ̀ ọkọ̀ dànù, bí ò tiẹ̀ ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ibi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ni omi yẹn ń sáré lọ, á wá di ẹrù lé ẹ̀gbẹ́ tó ti ń rì lọ tẹ́lẹ̀.

N ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ̀ yẹn ti da èmi náà nù. O ṣì wà ní ìwé mẹ́fà nígbà náà. Mo dìde ju àwọ̀n nírọ̀lẹ́, n ò mọ ìgbà tí mo bára mi nínú omi. Ìdí ọkọ̀ tó dojú dé ni mo rọ̀ mọ́, ó ń yọ̀ bí ilá lọ́wọ́ mi, títí ẹnì kan fi tukọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo délé, mo ní òjò ló pa mí. Ìyá rẹ dáná kí n yá.

Délé, mo mọ̀ pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ kí n tó gbà á. Káfíńtà ní kí n san owó díẹ̀ sí i, kí òun fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún ìbú rẹ̀. Mo ní kò sówó. Owó wà. Aṣọ ẹbí ni mo fi rà, aṣọ tí n ò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo fa ọkọ̀ lé ọ lọ́wọ́, mo ní ọkọ̀ gidi ni. Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn lóru àná nìyẹn.

Mo ti ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin. A ó dé méjì pinpin lófìfo, a ó so wọ́n mọ́ ìta ọkọ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n fi ìka méjì ga ju omi lọ. Ibi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí, kẹ́ẹ̀gì ibẹ̀ á kan omi, omi á tì í padà sókè. A ó pọnmi kún méjì yòókù, a ó dè wọ́n mọ́ àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n má yí. Bí etí ọkọ̀ bá wá sún mọ́ omi jù, a ó yọ ọ̀kan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o kó òkúta sí i. Tí omi bá wọ ọkọ̀, òkúta á fà á lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú kẹ́ẹ̀gì ò wúwo ju omi dáàmù lọ.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Fi ọkọ̀ sílẹ̀ létí omi títí n ó fi dé. Mo bẹ̀ ọ́, má gbé e jáde. Dírẹ́bà Ọ̀tùn ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, yá fóònù òun gan-an, kí o pe ìyá rẹ. Òun ni kí o kọ́kọ́ pè. Lálẹ́ òní ni n ó sọ ti ọjọ́ òjò yẹn fún un.

Bàbá rẹ