Ẹyin iná ni parrilla ń lò, kì í ṣe ọwọ́ iná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpilẹ̀kọ yín lórí parrilla, ilé oúnjẹ ẹran sísun tó wà káàkiri àwọn àdúgbò Buenos Aires, dùn ún kà, ṣùgbọ́n ìlànà tí ẹ tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò ba ẹran jẹ́. Ẹ ní kí á dáná, kí á gbé irin lé e, kí á sì da ẹran sí i nígbà tí iná bá ń jó lala. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara ẹran rẹ̀ á ti dúdú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì wà ní tútù.

Parrillero, ẹni tó ń sun ẹran náà, kì í dáná sábẹ́ ẹran. Ẹ̀gbẹ́ kan ni agbọ̀n onírin tí wọ́n ń pè ní brasero máa ń wà, inú rẹ̀ ni igi ti ń jó. Bí igi bá ti di ẹyin iná, á já bọ́ láàárín àwọn irin náà, parrillero á sì máa wọ́ ọ lọ sábẹ́ ẹran díẹ̀díẹ̀. Igi quebracho láti agbègbè Chaco, ní àríwá Ajẹntínà, gbayì púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí: ó wúwo débi pé ó ń rì sómi, ẹyin iná rẹ̀ kì í sì í tètè kú. Igi tó ní oje, tàbí pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà, kò ṣeé lò. Kẹrosín ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà.

Ẹ jẹ́ kí eérú funfun bo ẹyin iná ná. Kí ẹ wá na ọwọ́ sókè ibi tí ẹran yóò wà, kí ẹ máa ka ení, èjì. Bí ẹ bá kà dé ẹ̀fà tàbí èje kó tó jó yín lọ́wọ́, iná náà dára fún asado de tira, ìyẹn egungun ìhà tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ní ìbú. Ẹ kọ́kọ́ kọ ojú eegun sí iná, kó pẹ́ níbẹ̀ ju ìdajì àkókò lọ. Gbogbo rẹ̀ á tó wákàtí kan àbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó sì yí i. Entraña, ẹran pẹlẹbẹ abẹ́ ìhà, iná tó le ló ń fẹ́: ìṣẹ́jú díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó parí.

Ọ̀rá ni ọ̀tá. Bó bá ń kán sórí ẹyin iná, iná á ru, èéfín dúdú á lẹ̀ mọ́ ẹran, ẹran á korò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irin wọn fi rí bíi gọ́tà kékeré tó dagẹ̀rẹ̀ síwájú, kí ọ̀rá lè ṣàn lọ. Bí iná bá ru, ẹ wọ́ ẹyin iná sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má bu omi sí i, eérú ni yóò fò bo ẹran yín. Ẹ má sì fi fọ́ọ̀kì gún chorizo, sọ́séèjì wọn.

Ẹ tún ní kí á fi chimichurri, ọbẹ̀ tútù tí wọ́n fi pásílì àti aáyù ṣe, rẹ ẹran mọ́jú. Rárá o! Iyọ̀ oníhóró nìkan ti tó; pásílì àti aáyù inú chimichurri á jó kí ẹran tó jinná. Orí tábìlì ni ipò rẹ̀, kí olúkúlùkù fi ṣíbí bù ú sórí ẹran tirẹ̀.

Ẹ kò sì dárúkọ chinchulín, ìfun màlúù, tó máa ń ṣáájú ẹran délẹ̀. Àwọn kan ń kọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Ní tiwa, iná pẹ̀lẹ́ fún bíi wákàtí kan dára jù, títí tí ara rẹ̀ á fi máa dún kárakára, kí ẹ tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí.

Àwa òǹkàwé yín