Ẹ má tètè fi abẹ́rẹ́ tẹ rọ́tà

Sí Olóòtú,

Káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí ojú ewé ìṣàkóso rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì (àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1), bá kọ̀ tí kò ṣí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń sáré kì bọ ihò ríṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ọ̀tọ̀ ni ètò tó ń gbé ojú ewé yẹn jáde, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù. Kánẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ètò inú rọ́tà, ló sì ń darí dátà. Ojú ewé lè kú kí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì máa lọ. Ẹ pa rọ́tà, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ tún un tàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ ihò náà mọ́lẹ̀ fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, orúkọ Wi-Fi, páásíwọọ̀dù àti APN (ètò tó ń so rọ́tà onísíìmù mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì) yóò parẹ́ pátápátá.

Bí ping 8.8.8.8 (àṣẹ tó ń dán wò bóyá kọ̀ǹpútà Google kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbọ́ wa) bá dáhùn, tí orúkọ ìkànnì kò ṣí, DNS, ètò tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́sì onínọ́ńbà, ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Èyí tó ká mi lára jù ni fámúwíà, ètò inú rọ́tà tó ń mú un ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí tuntun ń wọlé, rọ́tà lè má tàn mọ́ láéláé. Ẹ so ó mọ́ ínfátà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Atúnrọ́tàṣe kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.