Ẹ ní ikú jẹjẹrẹ ọyàn ń dínkù: níbo?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Aránṣọ ni mí níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí máṣìnnì dákẹ́ ni mo máa ń ráyè ka ìwé ìròyìn yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ikú tí jẹjẹrẹ ọyàn ń fà ti ń lọ sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí Amẹ́ríkà níbẹ̀, mo rí ìlú Ọba, mo rí Ọsirélíà. Mo wá tiwa títí, n kò rí i.

N kò sọ pé ẹ parọ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra wọn sọ pé láti àwọn ọdún 1980 títí di 2020, ikú yìí fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ja tí wọ́n bá ka ìròyìn yín sí létí ní Ọjà Olúwo yóò rò pé ọ̀rọ̀ òun náà wà níbẹ̀, yóò sì fọkàn balẹ̀. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wọn ọ̀rọ̀ náà wò, iṣẹ́ ìwọ̀n kúkú niṣẹ́ mi. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò jẹjẹrẹ fún WHO ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé gbé ti ọdún 2020 jáde. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìṣirò mú ọjọ́ orí dọ́gba, kí ibi tí arúgbó pọ̀ sí má baà yí i po. Nínú obìnrin 100,000 ní Ọsirélíà àti New Zealand, àwọn 95.5 ni jẹjẹrẹ ọyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún náà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 41.5 ni. A ò tó ìdajì wọn. Ẹ wá wo ti ikú: tiwọn 12.1, tiwa 22.3. Ẹ sì wo àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà, tí iye tó ń mú lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba, 43.3, àwọn tó ń kú níbẹ̀ ò ju 9.8 lọ. Ní Nàìjíríà nìkan, ìṣirò ọdún yẹn ní obìnrin tó lé ní 14,000 ló bá a lọ. Iye yẹn náà, ìfojúdá ló wà nínú rẹ̀. Ìbàdàn ti ń kọ orúkọ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, mo sì kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin tó kú sórí ẹní rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n ti sin kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ta ló kọ orúkọ tirẹ̀?

Àwọn èèyàn rò pé télọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa àìsàn. Bẹ́ẹ̀, téèpù mi ti yí àyà obìnrin ká ládùúgbò yìí ju bí ọwọ́ dókítà ti kàn wọ́n lọ. Ẹni tó bá ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́wàá, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé mi. Mo ń mọ ẹni tó lóyún kó tó sọ fún ọkọ rẹ̀. Lọ́dún 2022, oníbàárà mi kan gbé léèsì wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe fa téèpù gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fún mi lápá òsì, ibẹ̀ ń ro mí díẹ̀." Mo rí awọ ibẹ̀ lókè kọ́mú rẹ̀. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé àmì àrùn ni. Mo fi ínṣì kan àtààbọ̀ fẹ bùbá náà lápá òsì, mo gba owó iṣẹ́ mi. Ó wọ aṣọ náà lọ síbi ìgbéyàwó, ó jó dáadáa. Lọ́dún kejì, ọmọ rẹ̀ tó gbéyàwó yẹn ló gbé léèsì ọ̀hún padà wá, pé kí n bá òun gé e kù, kí òun lè máa wọ̀ ọ́.

Èyí tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n ni ti àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré. Ẹja ló ń yan tà. Ẹni ọdún 44 ni nígbà tó rí kókó kan tí kò ju ẹ̀kùrọ́ lọ nínú ọyàn rẹ̀. Kò dùn ún, ìyẹn ni kò ṣe kà á sí. Oṣù mẹ́ta lọ sórí àgbo. Oṣù méjì lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tó ń ta kápúsù fún un, tó ní wàrà ló dì síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Oṣù kan lọ sí ilé àdúrà. Àwọn èèyàn máa ń bú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èmi ò lè bú wọn tán. Wọ́n wà nítòsí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ burúkú lé e, wọ́n sì máa ń bi í pé báwo ni ọjà.

Ilé ìwòsàn tí a padà gbé e lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n kó o sínú ìgò kékeré tí omi oògùn wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì fi nálọ́ọ̀nù dúdú dì í, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Èkó. Mo gbé ẹran ara Màmá Kékeré lé itan nínú bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀pẹ́ dé Ajah, láti Ajah dé Obalende. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ẹja ni, nígbà tó jẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni èsì tó jáde. Wọ́n ní dókítà tó ń wò ó ti rìnrìn àjò. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé rẹ̀. Kókó tó dà bí ẹ̀kùrọ́ ti tó ọsàn báyìí, òmíràn ti yọ lábẹ́ abíyá. Lọ́dún 2023, WHO gbé ìlànà kan jáde fún gbogbo ayé: bí obìnrin bá fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn, kí ó tó pé ọjọ́ 60 kí wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá jẹ́ ọjọ́ 77. Èsì nìkan nìyẹn o, n kò tíì ka oṣù mẹ́fà tó ti kọ́kọ́ ṣòfò.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti oògùn kẹ́mò ni wọ́n ní kó lọ gba ìtànṣán, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sára láti pa jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìkẹjà lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ará Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Iṣẹ́jú díẹ̀ lèèyàn ń lò lábẹ́ ẹ̀rọ, ọjọ́ odindi sì ń lọ sójú ọ̀nà. Aago mẹ́rin ìdájí la máa ń wà ní gáréèjì. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi á ti máa já ẹja sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹlòmíràn ló ń ra èyí tí ì bá rà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé òun ò ní lọ lọ́la. Mo rò pé ara ló ń ni ín. Ó fi ìka ṣírò owó ọkọ̀ fún mi, ó fi ìka kejì ṣírò owó ẹja. Kò lọ mọ́ lóòótọ́. Ìlànà WHO yẹn kan náà ní kí ó kéré tán ìdá 80 nínú àwọn aláìsàn parí ìtọ́jú wọn. Bí a bá ń wá ìdá 20 tó kù, a mọ ibi tí a ti lè rí ọ̀kan lára wọn. Ìta ilé wa ló wà, lẹ́bàá kànga.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò kọ̀wé sí yín lẹ́yìn èyí pé ẹ̀jẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló yàtọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Oríṣi jẹjẹrẹ ọyàn tí oògùn oníhóróò bíi tamoxifen kì í ṣiṣẹ́ fún pọ̀ lára àwọn obìnrin wa ju ti òyìnbó lọ, ó sì máa ń mú wọn lọ́jọ́ orí kékeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé dókítà ní Ìbàdàn kó tó di ará Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí bí àrùn yìí ṣe ń gba inú ẹbí kọjá. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan jáde lọ́dún 2020 tó tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 2,200 tí jẹjẹrẹ ọyàn ń ṣe ní Nàmíbíà, Gúúsù Áfíríkà, Ùgáńdà, Sáńbíà àti Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 90 nínú àwọn obìnrin òyìnbó Nàmíbíà ló ṣì wà láàyè, ìdá 56 nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Tiwa ńkọ́? Ìdá 36. (Ábíá àti Ímò ni wọ́n ti kó ti Nàìjíríà jọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Èkó ni mo ń bá wí.) Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ló mú kí òyìnbó Nàmíbíà ju dúdú Nàmíbíà lọ, ó dáa. Kí ló wá mú kí dúdú Nàmíbíà fi 20 ju dúdú Nàìjíríà lọ? Àwọn olùwádìí náà ní bí wọ́n bá tètè mọ àrùn náà tí ìtọ́jú sì tó, ìdá 28 sí 37 nínú àwọn ikú yẹn ni ì bá má ṣẹlẹ̀.

Bí a bá débẹ̀ báyìí, ìjọba á ní mamógíráàmù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọyàn, wọ́n, pé ká ṣe sùúrù. Àwọn ará Mumbai ní Íńdíà kò dúró dè é. Wọ́n fi 20 ọdún tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 151,000. Ní apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, tí wọn kì í ṣe dókítà, ń fi ọwọ́ lásán yẹ ọyàn wọn wò lọ́dún méjì-méjì. Èsì jáde lọ́dún 2021: láàárín àwọn tó ti pé àádọ́ta ọdún, ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá 30 dínkù. Láàárín àwọn tí kò tó àádọ́ta, kò hàn pé ó ṣe nǹkan kan, èyí sì ká mi lára, torí ọmọ ogójì lé díẹ̀ ni Màmá Kékeré. Síbẹ̀, ó ju òfo lọ. A ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé káàkiri Ẹ̀pẹ́, a ní nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ọwọ́ wọn sì pé.

Ìgò kékeré yẹn ló ń dùn mí jù. Ọkọ̀ ìjọba ń kó bébà láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Alausa. Kí ló dé tí kò lè bá wa gbé ìgò, kí ó sì gbé èsì padà kí ọjọ́ 60 tó pé? Ní ti ìtànṣán, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, lọ́dún 2019, ohun ìdùnnú ni fún gbogbo Èkó. Yàrá tí ará Ẹ̀pẹ́, Badagry àti Ìkòròdú lè sùn sí láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì nítòsí rẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹní àti ìgbálẹ̀ tó, a máa gbé kòkò tiwa wá.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ bá mi dẹ́kun pinki, àwọ̀ tí wọ́n fi ń polongo jẹjẹrẹ ọyàn. Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti dé, fìlà pinki, ṣẹ́ẹ̀tì pinki, ìyàwó olóyè kan á ya fọ́tò, ẹ óò gbé e sí ojú ìwé kìíní. (Èmi náà ti rán ọ̀já pinki fún wọn rí, mo sì gba owó mi, n kò ní parọ́.) Ẹ kúkú rán akọ̀ròyìn kan kí ó tẹ̀lé ìgò kan ṣoṣo láti ilé ìwòsàn kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ títí èsì á fi dé, kí ẹ sì tẹ iye ọjọ́ rẹ̀ síbi tí ẹ máa ń tẹ iye dọ́là sí.

Oníbàárà mi kan wà báyìí, ọmọ ọdún 38. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá tí mo wọn àyà rẹ̀, mo rí i pé ó yàtọ̀ sí ti inú ìwé mi. Mo ti téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́. A jọ ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti sọ fún un pé n kò gba owó bùbá náà títí a ó fi dé. Bí akọ̀ròyìn yín bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó ti wà ní gáréèjì kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kì í dúró.

Èmi ni,
Aránṣọ kan,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.