Sí àbúrò mi tó ń san gbèsè tí kò jẹ

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ẹkún kì í jẹ́ ká parí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n sọ fún ọ ní ilé àdúrà yẹn pé ègún wà nínú ìdílé bàbá wa, pé ohun táwọn baba ńlá wa bọ ló ń lé ọ kiri. Láti ìgbà náà lo ti ń gbààwẹ̀ lórí ààwẹ̀, tí ò ń ra òróró, tí ò ń san owó ìtúsílẹ̀. Wọ́n á ní ó ti já. Tó bá tún ṣe díẹ̀, wọ́n á rí òmíràn. Nígbà tí mo wá kí ọ, mo rí àpò èlùbọ́ tí Màámi fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. O ò tú u. Okùn tí Màámi fọwọ́ ara wọn so ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kòkòrò sì ti ń rìn jáde lára àpò náà. Ó dùn mí wọra.

O mọ bí ìwọ̀fà ṣe rí láyé àtijọ́. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Ìwọ̀fà á máa kọ ebè lóko olówó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó tí wọ́n yá, èlé lásán ni. Ọdún á gorí ọdún, ojú owó á wà níbẹ̀ digbí, àfi tí ẹnì kan bá wá san án. Irú ayé tí wọ́n ń mú ọ gbé nìyẹn, ìwọ tí Jésù ti san ojú owó rẹ! Ka Kólósè 2:14: ìwé gbèsè yẹn, ó ti kàn án mọ́ àgbélébùú. Èlé kí lo tún ń san?

Mo mọ̀ pé Ẹ́kísódù 20:5 ni wọ́n ń kà fún ọ, ẹ̀ṣẹ̀ baba lára ọmọ dé ìran kẹta àti ìkẹrin. Ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tó kórìíra Ọlọ́run ló ń bá wí. Kí ló dé tí wọn kì í ka ẹsẹ 6, níbi tí àánú ti kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Kí ló dé tí wọn kì í ṣí Ìsíkíẹ́lì 18, tó ní ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ baba rẹ̀?

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sáwọn ará Gálátíà. Wọ́n gba Kristi tán, àwọn kan dé, wọ́n ní ìyẹn nìkan ò tó, àfi kí wọ́n kọlà. Inú bí Pọ́ọ̀lù débi pé kò ráyè dúpẹ́ lórí wọn níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, bó ṣe sábà máa ń ṣe. Ó ní Ọlọ́run ti sọ wá dọmọ, Ẹ̀mí Ọmọ rẹ̀ ló sì ń ké nínú wa pé, Ábà, Baba. Wọ́n ti di àrólé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ kankan.

N kò ní kí o má gbààwẹ̀ o. Ààwẹ̀ ọmọ ni kí o máa gbà. Àìsàn ọmọ rẹ àti ọjà tó dẹnu kọlẹ̀ kì í ṣe àmì pé Baba ti kọ̀ ọ́. Róòmù 8:17 tó pè wá ní àrólé náà ló sọ pé a óò bá Kristi jìyà.

Èyí tó ká mi lára jù ni Màámi. Àwọn ló kọ́ wa ní Àdúrà Olúwa ká tó mọ ìwé kà, àwọn ni wọ́n sì sọ dọ̀tá fún ọ. Nínú ẹbí tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí Fílémónì gba Ónísímù ẹrú rẹ̀ bí arákùnrin, ta ló láṣẹ láti ti ìyá síta?

Jọ̀wọ́, pe Màámi lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni wọ́n ń béèrè ọ, mi ò sì mọ ohun tí n óò tún sọ fún wọn mọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ