Èédú tí mo fi ń yáná

Osh, Kyrgyzstan

Fúnkẹ́ ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ńkọ́? Ṣé orúnkún Màámi ti ń fúyẹ́? Má bínú pé ìdáhùn mi pẹ́. O bi mí pé kí ni mo fi ń la òtútù ibí já. Èédú ni, Fúnkẹ́. Kì í ṣe èédú igi tí wọ́n fi ń sun bọ̀ọ̀lì ní Mọ́kọ́lá o, èyí tí wọ́n ń wà nínú òkè ni.

Òkè gba ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 ilẹ̀ yìí. Tí yìnyín bá ti ń bọ́, iná mọ̀nàmọ́ná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, nítorí náà kí òtútù tó dé ni olúkúlùkù ti ń to àpò èédú sẹ́yìnkùlé. Obìnrin tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn, Eje ni mò ń pè wọ́n, bí a ṣe ń pe àǹtí nílé. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi èédú dáná. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo fẹ́ dé ihò èéfín kí ooru má baà jáde. Igbe tí wọ́n ké mú mi fò sẹ́yìn. Èédú tí kò tíì jó tán máa ń tú gáàsì kan tí kò lóòórùn. Èèyàn á kàn sùn, kò ní jí. Gáàsì kan náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé lọ́dọ̀ wa.

Àbúrò wọn ọkùnrin jẹ́ awakùsà ní Tash-Kömür, létí odò Naryn. Tash ni òkúta, kömür ni èédú: ìlú jẹ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a lọ kí wọn. Baike ni mò ń pe àwọn náà, bọ̀dá nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì wà lábẹ́ Soviet, ìjọba ló ni kùsà, owó oṣù ń wọlé. Lẹ́yìn tí Soviet tú ká ní 1991, ọ̀pọ̀ kùsà dẹnu kọlẹ̀, àwọn èèyàn bá gbé dígà àti ṣọ́bìrì, wọ́n ń gbẹ́ ihò ti ara wọn sára òkè.

Ihò Baike ò ga tó àyà mi. A tẹ̀ba wọlé. Igi ni wọ́n fi ti òrùlé rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí a ṣe ń lọ, Baike ń fi ẹ̀yìn dígà kan àwọn òpó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á tún sún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lo irin. Wọ́n ní igi máa ń ké kó tó dá, ó máa ń ta èèyàn lólobó kó lè sáré. Fúnkẹ́, mi ò lè lọ jìnnà. Omi tó ń kán ni mo ń gbọ́, àti àyà mi tó ń lù. Baike dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń gé èédú. Géńdé méjì fi okùn wọ́ àpò jáde bí ẹni wọ́ àgbò Iléyá.

O rántí Enugu tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé? Awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní 1949. A há ọdún yẹn sórí, a ò béèrè rí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ba wọ inú ilẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní Bishkek, olú-ìlú, àwọn èèyàn ń ráhùn pé èéfín èédú ń pa àwọn nígbà òtútù. Òótọ́ ni, mo ti mí in sínú, ó ń ta ọ̀fun. Ṣùgbọ́n inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ pé kí wọ́n kàn lọ dí àwọn ihò yìí pa. Kí ni Baike á fi bọ́ ọmọ mẹ́rin? Kí ni Eje á fi yáná?

A sùn sílé Baike. Wọ́n wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó wọn ń bu tíì gbígbóná fún wọn nínú abọ́ kékeré, láìsọ̀rọ̀, bí ohun tó ti mọ́ wọn lára. Nígbà tí Baike tutọ́ sínú aṣọ, dúdú ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyí. Ìwọ lo ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ní wọ́ọ̀dù. Irú ìbòmú wo ló lè dá eruku tó kúnná bẹ́ẹ̀ dúró? Èyí tó lè pẹ́ lọ́wọ́ ni mo fẹ́, torí wọn ò lágbára láti máa ra tuntun lójoojúmọ́. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró tí eruku èédú bá ti bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sí mi bó ṣe rí, má fi pamọ́. Ọmọ ọdún 16 ni àkọ́bí wọn, tí kò bá ti sí ilé ìwé, òun náà ń wọ ihò.

Bá mi kí Màámi.

Èmi ni,
Wálé