Ta ló ń se ọbẹ̀ nílé WASU?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà pẹ̀lú bí ọjà ṣe wọ́n yìí.

Ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ fẹ́ńdọ̀ tó máa ń dúró sí ráńdábáòtù ni mo ti rà á, mo sì ka ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa WASU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ayé òyìnbó amúnisìn. Ẹ gbìyànjú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe, ẹ kọ ọ́ pé ọdún 1926 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925 ni, ìwé ìròyìn tàwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1926, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti ṣì í mú. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílùú Àgbádárìgì níbí, ọdún tí wọ́n bá kọ tí ò bá tọ̀nà, ara mi kì í gbà á.

Èyí tó wá ká mi lára gan-an kọ́ nìyẹn. Orúkọ ńláńlá ló kún inú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ, Danquah rèé, Bankole-Bright rèé, Nkrumah rèé, mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, mo tún padà lọ sókè bóyá ojú mi ló fò ó, mi ò ríbi kankan tẹ́ ẹ ti sọ ibi táwọn èèyàn yẹn ń sùn, mi ò sì ríbi tẹ́ ẹ ti dárúkọ ẹni tó ń gbé ìkòkò kaná fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o. Ẹgbẹ́ yẹn ò bá má pẹ́ tú ká ká ní kò nílé.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ti ka ìwé ní iléèwé gíga Fourah Bay ní Sàró, òun ló dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922 láti lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ọkùnrin yẹn ò rójú rárá. Lọ́dún 1924 tí wọ́n ń ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, tí ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ kọ ọ́ pé ẹnu àìpẹ́ yìí làwọn ará Nàìjíríà ṣì ń jẹ èèyàn, òun ló gbé kálámù tó fèsì. Ọdún yẹn náà ló sọ̀rọ̀ lórí rédíò wọn, Yorùbá ló sì sọ, ẹ rò ó wò, Yorùbá lórí afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924! Amy Ashwood Garvey, ìyàwó àkọ́fẹ́ Marcus Garvey, ló bá a fọwọ́ sọ̀wọ́pọ̀ tí wọ́n fi kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà nìkan, àwọn mẹ́tàlá péré. Ọdún kejì ni Dókítà Bankole-Bright láti Sàró gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí gbogbo ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà para pọ̀, Nàìjíríà, Gólúkóòsì tó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà, akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ́kànlélógún ló sì jókòó tí wọ́n dá WASU sílẹ̀. Danquah, ọmọ Gólúkóòsì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ ẹ̀, Ṣólàńkẹ́ ṣe akọ̀wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ pé orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ń wàásù.

Ó dáa, níbo ni wọ́n wá ń sùn? Ọ̀rọ̀ gidi rèé. Ọmọ adúláwọ̀ tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, á rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wíńdò pé yàrá wà, á kan ilẹ̀kùn, màmá onílé á ṣílẹ̀kùn díẹ̀, á wo ojú ẹ̀, á ní háà, ẹ má bínú o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá yẹn tán ni. Ìwé ṣì wà lójú wíńdò o. Á lọ sílé kejì, ohun kan náà, ilé kẹta, ohun kan náà, òtútù ń gbọ̀n ọ́n, ẹrù wà lọ́rùn. Ọmọ ọba ni o, ọmọ olówó ni o, ọmọ wòlíì ni o, kò sẹ́ni tó bi í. Ìdí tí Ṣólàńkẹ́ fi fi ilé ṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 1928 Marcus Garvey fún wọn nílé kan ní West Kensington, ọdún kan péré ni wọ́n lò níbẹ̀ tí àsìkò fi pé. Ni bàbá yìí bá wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé lọ́dún 1929, ó sì ń rìn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà títí di 1932, ó ń lọ bá àwọn ọba, ó ń lọ bá àwọn oníṣòwò, ó ń tọrọ owó ilé. Odidi ọdún mẹ́ta! Lọ́yà tó yẹ kó máa jẹ̀gbádùn iṣẹ́ ẹ̀. Owó àwọn bàbá wa tó wà nílé níbí ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn ilé tó wà ní nọ́ńbà 62, Camden Road, lọ́dún 1933, èyí náà yẹ kẹ́ ẹ kọ, torí ó dà bíi pé àwọn ọmọ wa rò pé òyìnbó ló ṣàánú wọn.

Ìgbà tó ń padà lọ lọ́hùn-ún, ó ti gbé ìyàwó, Olú Ṣólàńkẹ́. Obìnrin yìí ni mátírónì ilé yẹn. Ṣólàńkẹ́ ń kọ lẹ́tà, ó ń bá ìjọba fà á, àmọ́ ẹni tó ń rí i pé bẹ́ẹ̀dì wà nílẹ̀, pé oúnjẹ ilé wà fún ọmọ tó ti jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó títí ẹnu ẹ̀ kú, Olú ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láyé ijọ́sí, gbogbo ìgbà tó bá ń ròyìn ìlú òyìnbó fún wa lábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìnkùlé, kì í dárúkọ olóṣèlú kankan. Ibi tó ti rí ata jẹ ló máa ń sọ. Ìgbà tí n ó fi mọ̀ pé òṣèlú wà nídìí ẹ̀ pàápàá, mo ti wọ yunifásítì.

Kí ìjọba òyìnbó tó mọ̀, ilé yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń jẹun tí wọ́n ti ń gbìmọ̀. Ìjọba ní àwọn náà á kọ́ tiwọn, ni wọ́n bá ṣí Aggrey House lọ́dún 1934, àwọn WASU ní àwọn ò lọ, wọ́n ní ṣe lẹ fẹ́ máa fi ilé dáadáa ṣọ́ wa, wọ́n yarí pátápátá. Owó gáàsì àti owó rẹ́ǹtì ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà yẹn o, síbẹ̀ wọ́n yarí. Ìgbà tó yá ni ìjọba yẹn kan náà wá ń fún wọn lówó ìrànwọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn WASU yìí ni Attlee, tó ń ṣe igbákejì fún Churchill olórí ìjọba wọn, ti sọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1941 pé òmìnira tí wọ́n ń sọ nínú ìwé àdéhùn Átíláńtíìkì, gbogbo ẹ̀yà èèyàn ló wà fún, ní oṣù tó tẹ̀ lé e Churchill ti sọ nílé aṣòfin pé ilẹ̀ Yúróòpù lòun ní lọ́kàn ní tòun. Wọ́n ti gbọ́ ti Attlee ná, ta ló fẹ́ gbọ́ èkejì.

Olóòtú, ẹ máa rò pé kí ló kan bàbá tíṣà ní Ajára nínú gbogbo èyí. Ẹ fara balẹ̀.

Mo nílé kékeré kan níbí, yàrá mẹ́rin lẹ́yìnkùlé tí mo fi ń gba rẹ́ǹtì, torí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Lọ́dún tó kọjá, yàrá kan ṣófo, mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri gàgàrà pé yàrá wà. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì, ọmọkùnrin kan wọlé, ó fi náílọ́ọ̀nù dúdú bo báàgì ẹ̀, ó ní iléèwé gíga kan ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí lòun fẹ́ wọ̀, pé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lòun ti wá. Yorùbá ẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n bó ṣe rí ìyàwó mi báyìí ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ègùn, Ègùn ni ìyàwó mi, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ o, wọ́n ń bi ara wọn ní ìdílé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa rò pé wọ́n ti mọra láti kékeré. Èmi ń wò ó. Mo ń ronú pé ọmọ ilẹ̀ Faransé nìyí, bí pòlíìsì bá dé ńkọ́, bí ìmígíréṣọ̀n bá dé ńkọ́, ṣé mo mọ ẹni tó bí i? Ọ̀rọ̀ sátífíkéètì yunifásítì tí wọ́n lẹ́nì kan gbà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Kútọnu, tí ìjọba wa fi ní àwọn dá gbígba ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró ná ní oṣù kìíní 2024, ìyẹn náà ti ba gbogbo ọmọ tó ń kọjá ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ lórúkọ jẹ́, tibí tọ̀hún.

Mo ní, ọmọ mi, má bínú, wọ́n ti gba yàrá yẹn.

Ọmọ náà yíjú wo ara ògiri. Ó kà á. Ó padà wo mí, ó ní ẹ ṣé bàbá, ó sì lọ nínú òjò.

Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan títí di alẹ́. Ìgbà tó gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi ló wá ní, “Bàbá Bísí, àwọn obìnrin Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ máa ń sọ ìtàn wọn fáwọn ọmọ kíláàsì yín, ṣé wọ́n máa ń fi èédú kọ tiwọn náà?” Mi ò lè jẹ ẹ̀bà yẹn tán. Èyí tó tún burú ni pé ọmọ yẹn rí ibi sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó ń kọjá níwájú ilé wa, gbogbo ìgbà tó bá kọjá ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ìlú wa ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà o, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 1845 ní Màríńnà, àwọn tó ń wá wò ó ń sanwó kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ẹ̀, ilé àlejò sì ni, àwọn òyìnbó ajíyìnrere tí ò ní ará kankan níbí ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn èèyàn wa fún wọn nílẹ̀. Àlejò tó sọ èdè ìyàwó mi ni mo lé.

Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ Tógò, ọmọ Kamẹrúùnù tó ń wá kàwé tàbí tó ń wá kọ́ gẹ̀ẹ́sì lágbègbè wa, àwọn náà ti ń kóra jọ. Mo rí wọn ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n máa ń dá owó, wọ́n á ra ẹja àti ìrẹsì, wọ́n á se é ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó gbà wọ́n láyè, Faransé, Ègùn, gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ wọn síwèé ìròyìn. Ẹ rán oníròyìn yín wá, kì í ṣe kẹ́ ẹ wá bi wọ́n léèrè òṣèlú, ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń sùn, èló ni lánlọ́ọ̀dù ń gbà lọ́wọ́ wọn, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi owó lé e bí wọ́n bá ti gbọ́ Faransé lẹ́nu wọn. Tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ kọ ìtàn WASU, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwọn ọmọ àtọmọọmọ àwọn tó sùn ní Camden Road kàn, wọ́n wà ní Èkó níbí, wọ́n wà l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n sọ ohun tí àwọn bàbá wọn jẹ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ Olú Ṣólàńkẹ́ gàdàgbà bẹ́ ẹ ṣe kọ ti ọkọ ẹ̀.

Yàrá kan tún ti ṣófo nílé wa láti ìparí oṣù tó kọjá. Ọwọ́ ìyàwó mi ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ajára, Àgbádárìgì