Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ọgbà Burgess àti àwa tí a ń lò ó

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Nínú Sekaráyà orí 8, Ọlọ́run ń ṣèlérí bí Jerúsálẹ́mù yóò ti rí nígbà tí Òun bá padà sí i. Ní ẹsẹ 4 àti 5, kò sọ̀rọ̀ odi, kò sọ̀rọ̀ ààfin. Ó ní àwọn arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin yóò tún máa jókòó ní ìgboro, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ nítorí ogbó, àwọn ọmọdékùnrin àti ọmọdébìnrin yóò sì kún ìgboro, wọn yóò máa ṣeré. Ẹ wo àmì tí Olúwa mú láti fi hàn pé ara tu ìlú! Arúgbó jókòó níta láìbẹ̀rù, ọmọdé ń sáré kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni.

Ọgbà Burgess, ọgbà ìtura ńlá tó wà ní agbègbè Southwark ní gúúsù London, ló gbé mi lọ sí ẹsẹ yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rìn fún ìlera, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti kọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ wa rò pé bí ilẹ̀ náà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Ilé ló wà níbẹ̀, àti ilé iṣẹ́, àti odò àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Grand Surrey Canal, tí ọkọ̀ ojú omi ń gba ibẹ̀ kó ẹrù. Bọ́ǹbù ogun Hitler wó apá kan. Ní 1943, nínú ètò àtúnkọ́ London tí Patrick Abercrombie, ọ̀mọ̀wé nípa ètò ìlú, lọ́wọ́ sí, wọ́n ní ibẹ̀ yẹ kó di ọgbà ńlá fún àwọn ará Camberwell, Walworth àti Peckham. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wó ilé, títí wọ́n fi dí odò náà pa. Afárá irin tí ẹ máa ń rí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí àwọn ọmọ ń béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, omi ló ń sọdá nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1906. Orúkọ Jessie Burgess, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ìlú Camberwell, ni wọ́n fi sọ ọgbà náà.

Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ìdílé kan kó ẹrù wọn jáde kí ilẹ̀ yẹn tó di ti gbogbo ènìyàn. Ohun tí a fi irú iye bẹ́ẹ̀ rà kò yẹ ká máa lò ó bí ohun tí kò lólówó.

Ní 2012, wọ́n parí àtúnṣe tó ná wọn ní mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn. Adágún omi fẹ̀ sí i, ọ̀nà là, ibi ìṣeré ọmọdé dára. Èrò wá pọ̀. Bí èrò ti pọ̀ ni àríyànjiyàn náà pọ̀, pàápàá lórí ẹran yíyan. Nígbà náà, wọ́n ya àyè kan sọ́tọ̀ fún un, ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ọgbà London. Bí oòrùn bá ti yọ, àwọn ará Kòlóńbíà á dé, àwọn ará Jàmáíkà á dé, àwa náà á gbé kúlà àti adìyẹ tí a ti fi ata pa láti alẹ́ àná dé. Láàárín àkókò yẹn, èéfín ń wọ fèrèsé àwọn tó ń gbé létí ọgbà, eérú gbígbóná ń jó koríko, ìdọ̀tí sì ń sùn síbẹ̀ mọ́jú. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin dè é pátápátá. Àwọn mìíràn béèrè pé ẹni tó ń gbé àjà kẹsàn-án, tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, níbo ni kó ti kó ẹbí rẹ̀ jọ yan ẹran?

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ wa ní apá méjèèjì. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní àgbàlá lẹ́yìn ilé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò dá nìkan pinnu ohun tí ẹni tí kò ní yóò ṣe nínú ọgbà. Síbẹ̀, ìyá arúgbó tí mímí ń nira fún, tó ti fèrèsé rẹ̀ pa nínú ooru nítorí èéfín wa, òun náà kò ní àgbàlá. Nítorí náà ibi tí a bá ti ń yan ẹran gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa kó ìdọ̀tí ní ọjọ́ oòrùn, àwa náà sì gbọ́dọ̀ pa iná wa, ká kó eérú àti egungun wa lọ. Níbi tí wọn kò bá ti fún wa láyè, ẹ má dáná.

Ọ̀rọ̀ kejì, nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó nínú ọgbà, dùn mí jù. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2014 fún àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lágbára láti ka ìwà kan léèwọ̀ ní ibi kan pàtó, bí ọtí mímu tàbí títú ajá sílẹ̀, kí wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá rú u. Ó pọn dandan kí wọ́n gbọ́ tẹnu aráàlú kí wọ́n tó gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà wa pé, “Pásítọ̀, kí wọ́n lé àwọn ọmọ tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn.” Màmá, kí ni wọ́n ṣe? “Wọ́n kàn jókòó ni, wọ́n fa fìlà ẹ̀wù bo orí.” Ẹ jọ̀ọ́, jíjókòó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń ta oògùn tàbí tó mú ọ̀bẹ dání, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn. Òfin tó bá fi ìwà sílẹ̀ tó ń wo ojú ènìyàn, àwọn ọmọ tiwa gan-an ni yóò kọ́kọ́ mú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn, ìyá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, yàrá tí wọ́n ń sùn kò sì gba ẹni mẹ́ta ká tún sọ pé kí wọ́n jókòó sílé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ kí wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ wọn àti ilé ìwé wọn. Ẹ ó rí i pé wọ́n á kí yín padà.

Àwọn tó ń lọ gbàdúrà nínú ọgbà ní kùtùkùtù, inú mi dùn sí yín. Létí odò, lẹ́yìn odi ìlú Fílípì, ni Pọ́ọ̀lù ti pàdé Lìdíà àti àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà, ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16. Ẹ kàn rántí pé Olúwa kan náà kìlọ̀ nínú Mátíù 6 nípa àwọn tó ń dúró gbàdúrà ní ìkóríta kí ènìyàn lè rí wọn. Ọlọ́run gbọ́ Hánà tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà ní ilé ìjọsìn, bí ìkórajọ wa níta bá sì tóbi, ká gba ìwé àṣẹ káńsù kí a tó ta kánópì.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ètò àtúnṣe Old Kent Road, títì ńlá tó wà nítòsí ọgbà náà, ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tuntun 20,000, gbogbo àwọn tí yóò gbé inú wọn yóò sì fẹ́ koríko tí wọn yóò tẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Roehampton ka àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú tó wà ní Southwark ní 2013, 240 ni wọ́n rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní ilé ẹrù lórí títì yẹn. A pọ̀. Síbẹ̀ nígbà tí káńsù bá ń béèrè èrò aráàlú lórí ọgbà àti ìgboro, a kì í sí níbẹ̀, àwọn tó bá wá ni òfin sì máa ń gbọ́ ohùn wọn.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò jókòó sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí káńsù, kó lọ bá wọn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń lo ọgbà fún, aago tí ẹ ń lọ, ohun tó ń bà yín lẹ́rù níbẹ̀ àti ohun tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n mú kúrò. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, wọn yóò bá yín kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni tiyín nínú Kristi,
Olùṣọ́-àgùntàn yín